Ta Ni Eyínfúnjowó?

Àbámẹ́ta, 10 oṣù karùn-ún, 1986

Lẹ́tà Lékè dé láti Kútọnu lónìí. Ọ̀rẹ́ mi yìí kì í kí ènìyàn kó tó débi ọ̀rọ̀. Ìlà kìíní pàá: "Adéolú, àjọ bọ́ọ̀lù ti gbà láti tẹ ìwé rẹ." Mo wá àga jókòó. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọ ìtàn líìgì Dàhómì, tí wọ́n ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ báyìí, lórí tábìlì ìjẹun wa ní Sharpstown, ní Houston níbí. Ọdún mẹ́fà náà ni Nímọ́tà ìyàwó mi ti ń fẹsẹ̀ ti páálí ìwé kiri inú ilé bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Ó ka lẹ́tà náà, ó ní, "Ọlọ́run ṣeun, màá rí tábìlì mi gbà." Kò kí mi kú oríire títí a fi jẹun tán.

Ohun kan ló kù. Ìparí oṣù keje ni wọ́n fẹ́ kí n ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, ọdún àkọ́kọ́ kò sì tíì pé. Ìwé rẹfirí nìkan ló ṣẹ́kù nípa ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó parí ọdún náà, ikán sì ti jẹ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ohun tó ṣeé kà níbẹ̀ ni pé Ìràwọ̀ Òwúrọ̀ ti Àjàṣẹ́ fi góòlù kan ṣoṣo na àwọn ará Kútọnu tí wọ́n fi gba ife, àti pé Mákánjúọlá ló gbá a wọlé. Àwọn mẹ́wàá yòókù ti wọ ikùn ikán. Lékè ní bí n kò bá rí nǹkan kún un, bí wọ́n ṣe bá a náà ni wọn yóò ṣe tẹ̀ ẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ní Kétu ni mo wà lọ́dún yẹn, n kò fojú ara mi rí bọ́ọ̀lù náà.

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni mo pe Ẹ̀gbọ́n Mákánjúọlá fúnra wọn ní Pasadena. Àwọn ni wọ́n wá gbé mi ní pápá ọkọ̀ òfurufú ní '79, àwọn náà ni wọ́n bá mi wáṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí nílé iṣẹ́ ìfọpo. Kò sí ọmọ Yorùbá kan ní Houston tí kò tíì gbọ́ ìtàn góòlù yẹn lẹ́nu wọn. Wọ́n gbọ́ pé ìwé ń bọ̀, fóònù bọ́ lọ́wọ́ wọn, mo gbọ́ ọ tó dún gbì.

"Ṣé wọ́n á fi fọ́tò mi sí i?"

Mo ní wọ́n á fi sí i. Mo ní kí wọ́n ka àwọn tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà fún mi. Wọ́n ka mẹ́tàlá. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ti ọdún kejì àti ti ọdún kẹta ti dà pọ̀ mọ́ ọn lórí wọn.

Àìkú, 11 oṣù karùn-ún

Ọjọ́ Ìyá ni wọ́n ṣe ní ìjọ wa. Lẹ́yìn ìsìn, níbi tí a ti ń wá bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń ráhùn ọ̀rọ̀ ìwé mi sí Bísọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Cypress. Mo mọ̀ pé ọmọ Àjàṣẹ́ ni. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé bàbá rẹ̀ tó ti kú ni akọ̀wé Ìràwọ̀ Òwúrọ̀.

"Bùọ̀dá Adéolú, àbí ìwé tí Màmá mi máa ń kọ nídìí pápá lẹ ń wá? It's in their box o. Wọ́n gbé e wá pẹ̀lú Bíbélì wọn nígbà tí wọ́n ń bọ̀ last year."

Bàtà ẹlòmíràn ni mo wọ̀ délé.

Àbámẹ́ta, 17 oṣù karùn-ún

Mo wa ọkọ̀ lọ sí Cypress. Ó jìnnà bí ìlú mìíràn, gbogbo ilé ibẹ̀ sì jọra, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kanlẹ̀kùn ẹni tí n kò mọ̀ kí n tó rí ti Bísọ́lá.

Màmá ń lọ sí àádọ́rin ọdún. Orúnkún ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ojú wọn dá ṣáká. Nínú àwọn ìyàwó agbo ilé wọn ní Àjàṣẹ́, àwọn nìkan ló lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ Àgùdà. Nígbà tí ọkọ wọn bá ń pariwo mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, àwọn ni wọ́n máa ń jókòó sábẹ́ igi tí wọ́n á máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n mú ìwé náà jáde látinú àpótí. Lẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀nà ìkọ̀wé tó gún régé. Ó wà níbẹ̀ bí òjò bá rọ̀, ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tó gbàgbé bàtà sílé. Omi bọ́ lójú mi, n kò ní purọ́.

Ìgbà tí mo wá ṣí ojú ewé tí mò ń wá: "Agùntáṣọọ́lò gbé e fún Akọ̀wé. Akọ̀wé gbé e sókè fún Eyínfúnjowó. Eyínfúnjowó fi orí kàn án wọlé. Ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gọ́rin." Mo yẹ ìwé wò síwá sẹ́yìn. Kò sí orúkọ kan níbẹ̀ tí bàbá kankan sọ ọmọ rẹ̀.

"Màmá, ta ni wọ̀nyí?"

"Àwọn ọkọ mi ni."

Mo wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Agbo ilé kan náà ni gbogbo ikọ̀ náà ti wá, agbo ilé ọkọ wọn, gbogbo àwọn ọmọ náà ni wọ́n sì ti bí kí Màmá tó wọlé ìyàwó. Ìyàwó kì í pe orúkọ irú wọn. Ó máa ń fún kálukú lórúkọ tirẹ̀ ni.

"Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ gan-an ni wọ́n fẹ́ ní Kútọnu."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ní kí àwọn bọ́ gèlè lójú ọjà. "Adéolú, ọmọ tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ kọ́ ni ọ́? Èmi kí n máa pe orúkọ ẹni tí mo bá nílé ọkọ?"

"Ṣebí ọmọdé ni wọ́n nígbà náà, mà?"

"Wọn ìbáà jẹ́ ọmọdé. Mo bá wọn nílé, wọ́n jù mí lọ. Mo wẹ òmíràn nínú wọn lọ́mọdé, ọkọ mi náà ni."

"Ọ̀pọ̀ wọn ló ti kú, mà."

"Tó bá kú, ó ti kọ̀ mí sílẹ̀ nìyẹn?"

Mo ní ìwé kò kúkú lẹ́nu, kí wọ́n bá mi kọ orúkọ náà sílẹ̀ láìpè é. Wọ́n ní ìwé ò lẹ́nu lóòótọ́, àwọn tí àwọn máa kọ ọ́ ńkọ́? Mo wá fi ẹ̀rín bo ìtìjú. Mo ní ti Eyínfúnjowó ò kúkú le, gbogbo ayé ló mọ ẹni tó gbá góòlù yẹn.

Màmá pa ìwé náà dé. "Tí gbogbo ayé bá ti mọ̀ ọ́n, kí lo wá bi mí sí?"

Wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo àwọn ará Mẹ́síkò rò, ó dùn ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n jẹ́ kí n mú ìwé náà lọ sílé.

Ọjọ́rú, 21 oṣù karùn-ún

Mo rojọ́ Màmá fún Nímọ́tà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí àga mú. Ó ní, "Kí ni àbúrò yín ọkùnrin ń jẹ́?"

Mo ní Olúdọ̀tun.

"Ìgbà wo lẹ gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu mi rí?"

Mo ronú. Bọ̀dá Kékeré ló ń pè é. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti fẹ́ obìnrin yìí, n kò ṣàkíyèsí rí, mo wá ń bá ìyá oníyàá jà ní Cypress. Nímọ́tà ní, "Wọn ò lè pè é, àmọ́ wọ́n lè júwe ẹ̀. Ẹ wá ọmọ ilé kan. Tí Màmá bá ń júwe, kó máa pè é."

Ọmọ ilé wo ló tún ju Ẹ̀gbọ́n Mákánjúọlá lọ? Mo pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Mo sọ fún wọn pé Màmá Bísọ́lá wà ní Cypress. Wọ́n ní, "Ìyàwó wà níbí?" Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn, wọ́n ní láti Pasadena sí Cypress, ẹni tó bá wa ọkọ̀ débẹ̀ ti la gbogbo Houston já. "Freeway yẹn, Adéolú, ó ti ju tèmi lọ. Kọ̀wé sílé, kí o bi Olórí Ẹbí." Bẹ́ẹ̀ àná ni wọ́n wa ọkọ̀ lọ sí Dallas lọ kí ẹni tó bímọ.

Àbámẹ́ta, 24 oṣù karùn-ún

Mo padà sí Cypress. A fi Bísọ́lá ṣe ọmọ ilé. Màmá ń júwe, wọ́n ń gbádùn rẹ̀: "Agùntáṣọọ́lò ni ẹni tó kọ́lé tó kọjú sí kànga. Akọ̀wé ni bàbá àwọn ìbejì tó ń ránṣọ. Apọ́nbéporé ni ẹni tó lọ fẹ́ ará Ṣábẹ̀ẹ́ tí ìyá wọn fi bínú."

Bísọ́lá ní, "Màmá, I don't know any of these people. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí ẹ kó mi lọ sí Èkó!"

"Ẹ̀bi bàbá ẹ nìyẹn."

Mo kọ gbogbo àpèjúwe náà sílẹ̀. Èèyàn méjìlá ló wà lójú ewé náà: mọ́kànlá tó wọ pápá, àti ìkejìlá tí Màmá kọ nípa rẹ̀ pé, "Adúmáadán kò wá. Ibà." Nígbà tí a dé orí Adúmáadán àti Eyínfúnjowó, wọn kò júwe wọn. Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn. Mo kọ̀wé sí Olórí Ẹbí ní Àjàṣẹ́, mo sì lẹ sítáǹbù tó lè gbé lẹ́tà méjì mọ́ ọn.

Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kẹfà

Wọ́n dá èèyàn mẹ́rìnlá dúró níbi iṣẹ́. Charles tá a jọ ń jẹun ọ̀sán wà nínú wọn, ọdún mọ́kànlá ló ti lò. Epo bẹntiróòlù kò tó ọgọ́rin sẹ́ńtì gálọ́ọ̀nù kan. Ẹni tó ń rà á ń rẹ́rìn-ín, àwa tá à ń fọ̀ ọ́ la mọ ohun tó ń ṣe wá.

Ọjọ́rú, 11 oṣù kẹfà

Mòrókò na Pọtugí mẹ́ta sí ọ̀kan ní Ife Àgbáyé! Orí tẹlifíṣọ̀n àwọn onísípáníṣì la ti wò ó, a ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pariwo góòlù kò nílò ògbufọ̀. Ẹ̀gbọ́n Mákánjúọlá wá wò ó lọ́dọ̀ wa. Inú wọn dùn, wọ́n tún sọ ìtàn góòlù tiwọn fún Nímọ́tà, ó ti di ẹ̀ẹ̀mélòó: bọ́ọ̀lù ti apá ọ̀tún wá, àwọn fi àyà gbà á, àwọn fi ẹsẹ̀ òsì gbá a.

Mo ní, "Màmá kọ ọ́ pé orí ni, Ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. "Ó ti pẹ́," ni wọ́n wí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ lọ sílé kí òjò tó dé. Kò sí òjò lójú ọ̀run.

Ìṣẹ́gun, 17 oṣù kẹfà

Jámánì yọ Mòrókò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló kù. N kò fẹ́ kọ ju báyìí lọ.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù kẹfà

Ìjì tí wọ́n ń pè ní Bonnie kọjá lápá ìlà oòrùn wa. Atẹ́gùn fẹ́, òjò rọ̀, ọ̀gá ní kí a tètè máa lọ. Mo bá lẹ́tà Olórí Ẹbí nínú àpótí lẹ́tà, igun kan rẹ̀ ti rin.

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ gbọ́ mi: orúkọ mẹ́wàá! Wọ́n to gbogbo rẹ̀ bí Màmá ṣe júwe wọn, pẹ̀lú orúkọ bàbá kálukú, méje ti kú nínú wọn. Ìparí lẹ́tà náà ló ṣe mí bákan. "Adúmáadán àti Eyínfúnjowó tí ẹ bèèrè, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan ń bẹ nítòsí yín níbẹ̀. Òun ni kí ẹ bi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni."

Ẹni tó wà nítòsí wa kò ju Ẹ̀gbọ́n lọ. Tiwọn kúkú ni góòlù, àwọn náà ni Eyínfúnjowó. Mo fi lẹ́ẹ̀dì kọ Mákánjúọlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo pè wọ́n kí n bèèrè èwo nínú àwọn àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n wọn ni Adúmáadán tí ibà mú. Wọ́n ní iṣẹ́ àṣálẹ́ ni àwọn ń lọ. Wọ́n pa fóònù dé.

Àbámẹ́ta, 12 oṣù keje

Bísọ́lá gbé Màmá lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà orúnkún ní ìtòsí wa, wọ́n wá yà kí wa. A ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n Mákánjúọlá ni. Nínú ooru yìí, kóòtù ni wọ́n wọ̀, fọ́tò wọn fún ìwé náà wà nínú àpò ìwé lọ́wọ́ wọn. Wọn kò sọ pé àwọn ń bọ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ ni, bóyá ǹ bá ti kìlọ̀ fún wọn, n kò mọ̀.

Màmá rí wọn. Wọ́n dìde lórí orúnkún tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́. Bísọ́lá ń pariwo, "Màmá, no, the doctor said..." Wọ́n ti kúnlẹ̀.

"Adúmáadán, ọkọ mi. Ẹ kú àtijọ́. Ẹ kú àjò o."

Ohùn wọn dùn, ìfẹ́ ló wà nínú rẹ̀, kò sí ìjà níbẹ̀. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà lọ́wọ́ mi, n kò rántí láti gbé e kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wo èmi, wọ́n wo ìwé tó wà lórí tábìlì, wọ́n tún wo Màmá. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ dìde, orúnkún yín." Wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́ dìde. Wọn kò jókòó. Wọn kò fi fọ́tò náà sílẹ̀.

Nímọ́tà bi mí lẹ́yìn ìgbà tí gbogbo wọn lọ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní Ẹ̀gbọ́n kò gbá góòlù kankan. Wọn kò sí lórí pápá rárá.

Àìkú, 13 oṣù keje

Lẹ́yìn ìsìn mo gba Cypress lọ. Màmá ti mọ̀ pé màá wá.

Wọ́n ní ibà dá Adúmáadán dùbúlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ikọ̀ ò sì ní ẹlòmíràn tó ní ìwé àṣẹ líìgì. Àbúrò wọn, ọmọ ìyá wọn, tí kò ní ìwé àṣẹ kankan, ló wọ jẹ́sì wọn. Wọ́n jọra. Lókèèrè, ìyá wọn nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Rẹfirí kọ orúkọ tó wà lórí ìwé àṣẹ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ojú omi dojú dé lórí ọ̀sà, ó sì gbé àbúrò náà lọ. Kò níyàwó, kò bímọ.

"Ìyá wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn mọ́," ni Màmá wí. "Tí wọ́n bá pè é, á sunkún títí ilẹ̀ á fi ṣú. Gbogbo ilé wá dákẹ́. Àwọn ará ìta ń kí ọkọ mi kú góòlù, ó ń dá wọn lóhùn. Kí ni ì bá ṣe? Ìyá wà nídìí ààrò, ó ń gbọ́."

"Ìyá wọn ńkọ́ báyìí?"

"Ó ti kú, ọdún kẹrìndínlógún rèé."

Mo bèèrè orúkọ àbúrò náà. Màmá wojú mi, ojú wọn kún fún omi. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe agídí. Ó wù wọ́n láti pè é. Wọ́n ní, "Àwọn tó ń pè é lórúkọ ti kú, àwọn tó kù nílé ti panu mọ́. Èmi tí mo rántí rẹ̀ ni mi ò gbọdọ̀ pè é. Ó ku ẹnì kan."

Ọjọ́rú, 16 oṣù keje

Nímọ́tà ní kí n fi sílẹ̀ bí rẹfirí ṣe kọ ọ́. Ó ní ta ló máa mọ̀, ṣé wọ́n á tún bọ́ọ̀lù náà gbá ni? Ó ní ọkùnrin yìí ló gbà mí sílé nígbà tí n kò mọ ẹnì kankan. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Inú ń bí mi sí Ẹ̀gbọ́n, àánú wọn sì ń ṣe mí, méjèèjì kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni mo fi wá orúkọ àwọn tó gbé omi fún agbábọ́ọ̀lù pàápàá. Báwo ni màá ṣe wá mọ̀-ọ́n-mọ̀ fo ẹni tó gba ife àkọ́kọ́ fún wa? N kò lè pe Kútọnu láti bèèrè náà, ará ìta ò mọ̀. Mo tún lè kọ̀wé sí Olórí Ẹbí, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò ní bá oṣù yìí. Ohun tí wọ́n sì sọ ni pé ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n ni.

Ẹtì, 18 oṣù keje

Wọ́n gé iṣẹ́ wa sí ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Mo dúpẹ́, ti ẹlòmíràn ti di òdo.

Àìkú, 20 oṣù keje

Ọjọ́ mẹ́jọ, Ẹ̀gbọ́n kò pè. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, fóònù ń dún lásán. Mo jẹ ẹ̀bà tútù.

Ẹtì, 25 oṣù keje

Màmá ló pè mí fúnra wọn. Wọn kì í fẹ́ràn fóònù, wọ́n máa ń pariwo sínú rẹ̀ bí ẹni ń pe ará òdìkejì odò.

"Adéolú! Gbé mi lọ bá ọkọ mi lọ́la."

Àbámẹ́ta, 26 oṣù keje

Mo gbé Màmá láti Cypress lọ sí Pasadena. Nígbà tí a dé ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ìfọpo ti ń rú èéfín, wọ́n fi ìborùn bo imú, wọ́n ní, "Ibi tí ọkọ mi ń mí sí nìyí?"

Ẹ̀gbọ́n ló ṣílẹ̀kùn. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wọ̀, wọn ò fárùngbọ̀n. Wọ́n rí mi, ojú wọn le. Wọ́n rí Màmá lẹ́yìn mi, wọ́n yà lọ́nà fún wa. Màmá kò jókòó. Wọ́n di apá àga mú, wọ́n rọra kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ìyàwó, ẹ má ṣe báyìí."

"Ọkọ mi, n ò wá dá yín lẹ́jọ́. Ohun tí ẹ ṣe, ìyá yín lẹ ṣe é fún, gbogbo wa la bá yín ṣe é. Ìyá ti lọ sinmi. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ẹ bá mi pe orúkọ Eyínfúnjowó. Mo wẹ̀ ẹ́ lọ́mọdé, mo fún un lóúnjẹ, mo kọ góòlù ẹ̀ sílẹ̀, ẹnu mi ò sì lè pè é. Tí ẹ ò bá pè é, tí èmi àti ẹ̀yin bá kú, ó parí. Ẹ bá mi pè é."

Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀, iwájú Màmá gan-an, lórí ilẹ̀. Mo ń wo bàtà mi. Inú mi ń sọ pé kí n gbé Màmá dìde ká máa lọ, pé ó tó bẹ́ẹ̀.

"Rótìmí," ni wọ́n wí.

Wọ́n tún un pè. "Olúrótìmí ni. Àbúrò mi."

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun."

Ẹ̀gbọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́, èmi ni wọ́n ń wò. "Orí ẹní ni mo wà, Adéolú. Pápá ò jìnnà sílé wa. Mo gbọ́ ariwo. Orúkọ mi ni wọ́n ń pariwo! Mákánjúọlá! Mákánjúọlá! Gbogbo Àjàṣẹ́. Èmi sì rèé, mi ò lè gbórí. Mo rò pé mo ti kú ni, pé wọ́n ń sunkún mi. Ìgbà tó yá, Rótìmí sáré wọlé, jẹ́sì mi lọ́rùn ẹ̀, òógùn ti rin ín, ó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde, ẹ ti gbá góòlù kan!' Ó ń bá mi ṣàwàdà. Mo ní màá bá a fi pa mọ́, pé tára mi bá yá, màá dá a padà fún un."

Wọ́n nu ojú. "Ara mi yá. A ń fi ṣẹ̀fẹ̀ títí. Ìgbà òjò ọdún kejì ló lọ sórí ọ̀sà. Mi ò rí i dá padà fún un."

Lẹ́yìn náà Màmá ní ebi ń pa àwọn, Ẹ̀gbọ́n sì dìde lọ wá ohun tá a máa jẹ.

Ajé, 28 oṣù keje

Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kútọnu láàárọ̀ yìí, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ojú ewé ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́tàlá. Obìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ gbé e lórí ìwọ̀n, ó bi mí pé kí ló wà níbẹ̀ tó wúwo báyìí. Mo ní bọ́ọ̀lù ni.

Ẹ̀gbọ́n pè nígbà tí mo délé. Wọ́n ní kí n ka ibi tí góòlù náà wà fún àwọn nínú ẹ̀dà tó kù lọ́wọ́ mi. Mo kà á ní Faransé bí mo ṣe kọ ọ́. Wọ́n gbọ́ Faransé jù mí lọ, síbẹ̀ wọ́n ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá.

Mo ní, "Olúrótìmí ló fi orí kàn án wọlé, nínú jẹ́sì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Mákánjúọlá, tí ibà dá dùbúlẹ̀ nílé."

Wọ́n ní kí n tún un sọ.